Ìdó, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé: Ẹ̀sùn Mẹ́fà Sí Àwọn Tó Ń Dá Àwọn Ọ̀dọ́ Olùwádìí Ìlera Lẹ́kun

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìdó-Èkìtì láàárọ̀, tó gba Ìfàkì bọ́ sí Ọ̀yẹ́, tó sì bá ọ̀nà lọ títí dé Ìkọ̀lé, yóò ti dé ibi tó ń lọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Lójú ọ̀nà yẹn, ó ti kọjá lára gbogbo ìmọ̀ tí ìwádìí nípa ìlera nílò. Ìdó ni Federal Teaching Hospital wà, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ níbi tí dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn àti onímọ̀ láàbù ti ń fojú kan àìsàn lójoojúmọ́. Ọ̀yẹ́ ni olú ọgbà Federal University Oye-Ekiti wà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní FUOYE, ọ̀kan nínú yunifásítì mẹ́sàn-án tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2011. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ àti àwọn onímọ̀ èdè wà. Ìkọ̀lé ni ọgbà kejì FUOYE wà, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ẹnjiníà fi ṣe ibùjókòó.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló so ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀dọ́ olùwádìí tó bá fẹ́ kó dókítà láti Ìdó, onímọ̀ àwùjọ láti Ọ̀yẹ́ àti ẹnjiníà láti Ìkọ̀lé jọ sídìí iṣẹ́ kan náà, àfi kó di àmùrè rẹ̀ gírígírí. Àwọn kan ń gbìyànjú rẹ̀, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ojúrere ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ìlànà kankan kò gbè wọ́n. Iṣẹ́ tó yẹ kí á máa gbowó oṣù lé lórí ti di oore tí ẹni kan ń ṣe fún ẹnì kejì.

Ìdí nìyí tí mo fi gbé ẹ̀sùn yìí jáde. N kò fi kan yunifásítì kan tàbí ilé-ìwòsàn kan ní pàtó, nítorí àṣà tí mo fẹ́ sọ ti gbilẹ̀ ká Nàìjíríà. Àwọn tó di ipò mú ni mo fẹ̀sùn kàn: àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ ọmọ iṣẹ́ wọn di ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn tó ń pín owó ìwádìí, àti ìjọba tó ń ṣe ìlérí tí kì í mú un ṣẹ. Ohun tí mo sì fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ìmọ̀ kò wọ́n ní àríwá Èkìtì. Àwọn tó yẹ kó mú ìmọ̀ pàdé ìmọ̀ ni kò jẹ́ kó pàdé.

Ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ náà ń bà jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú dáadáa ní agbègbè wa, ẹ óò rí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ti rẹ, tí wọ́n sá sórí àpáta tàbí sí ẹ̀gbẹ́ títì ọlọ́dà, kó lè gbẹ kí wọ́n fi lọ láfún. Mọ́tò ń kọjá, eruku ń bà á, adìyẹ àti ewúrẹ́ ń wá tọ́ ọ wò. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹni tó ni ín kò bá tíì kó o wọlé, eku á débẹ̀. Irú eku kan wà, Mastomys natalensis ni àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é, tó ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, nígbà tí ó mú nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ míṣọ́nárì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, tí ẹ̀gẹ́ wà ní sísá, ni ó máa ń jà jù. Ìpínlẹ̀ Òndó tó bá wa pààlà wà lára àwọn ibi tí ó ti ń pa ènìyàn jù lọ ní Nàìjíríà, ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì mọ bí ìnira rẹ̀ ṣe tó.

Ta ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ eku àti ẹ̀gẹ́ yìí? Dókítà lè tọ́jú ẹni tí ibà ti mú, ṣùgbọ́n kò lè dí ọ̀nà tí ibà gbà wọlé. Ẹnjiníà lè ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ìbòrí, ṣùgbọ́n kò mọ iye tí ìyá tó ń ta láfún lè san, kò sì mọ ìdí tí màmá fi gba ti àpáta ju ti ẹ̀rọ lọ. Onímọ̀ àwùjọ ni yóò jókòó tì wọ́n tí yóò fi mọ̀ ọ́n. Onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló mọ ibi tí eku ń sá gbà nígbà tí wọ́n bá dáná sun igbó. Onímọ̀ èdè ni yóò gbé ìkìlọ̀ kalẹ̀ lọ́nà tí ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu yóò fi gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Onímọ̀ ìṣirò ni yóò sọ bóyá gbogbo làálàá náà dín àìsàn kù tàbí kò dín in kù.

Gbogbo wọn ló wà lójú ọ̀nà Ìdó sí Ìkọ̀lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ogójì ọdún, ara wọn ṣì le, ojú wọn sì mọ́. Kí ló ń dá wọn dúró?

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: Ẹ ń fìyà jẹ ẹni tó bá bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìgbéga, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ kọjú sí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, àpilẹ̀kọ tí ènìyàn bá dá kọ, tàbí èyí tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú lórí rẹ̀, ni ó ń gba máàkì gidi. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà ní ipò kẹta tàbí ìkẹrin, èérún ló máa kàn án. Ẹ wá wo iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ àti eku tí mo sọ. Iṣẹ́ ènìyàn mẹ́fà ni, kò sì sí bí orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe lè ṣíwájú. Ẹnjiníà tó lo ọdún méjì lórí ẹ̀rọ náà yóò débi ìgbéga, èérún máàkì ni yóò bá pàdé. Wọ́n á tún bi í pé kí ni ẹnjiníà ń wá nínú ọ̀rọ̀ ibà. Bí jọ́nà ìṣègùn bá gbé iṣẹ́ náà jáde, wọ́n lè sọ pé kì í ṣe jọ́nà ẹ̀ka tirẹ̀, kí wọ́n sì ta á nù pátápátá.

Ọmọ tó gbọ́n kì í dúró gba irú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Yóò padà sí yàrá rẹ̀, yóò wá ọ̀rọ̀ kékeré tó lè dá ṣe, yóò kọ ọ́ kíákíá, yóò sanwó fún jọ́nà tí kì í béèrè ohun púpọ̀, yóò sì ka iye rẹ̀ pé mẹ́wàá. Ẹ óò gbé e ga, ẹ óò bá a yọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpilẹ̀kọ ṣe ń pọ̀ sí i tí ìdáhùn ń dín kù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ láti dá rìn. Ẹ má ṣe wá dìde níbi àpérò kí ẹ máa rọ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nígbà tí fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń wọn iṣẹ́ wọn ń sọ ohun mìíràn.

Ẹ̀sùn kejì: Ẹ ń kórè níbi tí ẹ kò gbìn sí

Àwọn àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí orúkọ wọn ń hàn lórí àpilẹ̀kọ tí wọn kò ka rí. Ìlànà tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn fẹnu kò sí káàkiri àgbáyé hàn gbangba. Ohun mẹ́rin ni ó ń sọ ènìyàn di òǹkọ̀wé: kó kópa tó jọjú nínú iṣẹ́ náà, kó kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe ní ti ìmọ̀, kó fọwọ́ sí i kó tó jáde, kó sì ṣe tán láti dáhùn fún un. Ẹni tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ láàbù ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ipò olórí ẹ̀ka ló wà, kò mú ìkankan ṣẹ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀dọ́ olùwádìí kò lè kọ̀. Ọ̀gá yẹn kan náà ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìsinmi rẹ̀, òun ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún un, òun náà ni yóò jókòó níbi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ wò. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ kì í bá a jiyàn.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ yìí ti wá le jù ni ibi tí ẹ̀ka ìmọ̀ bá ti ju ọ̀kan lọ. Nínú ẹ̀ka kan, ọ̀gá kan ló wà láti tù lójú. Bí ẹ̀ka mẹ́ta bá pàdé, ọ̀gá mẹ́ta ló dé, kálukú sì ń retí ipò ọlá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Òun ló ń ti ilé bọ́ sí ilé ní Ayédé àti Ìtàjí pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lábẹ́ abíyá, òun ló ń dúró títí ìyá àgbà yóò fi ti oko dé, òun ló ń tẹ gbogbo ìdáhùn sínú kọ̀ǹpútà lóru nígbà tí iná bá wà. Nígbà tí àpilẹ̀kọ bá jáde, ẹ óò rí i pé orúkọ rẹ̀ ti sún sí ìkarùn-ún, lẹ́yìn àwọn tí kò mọ ọ̀nà Ayédé. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹnìkan bá pè é sí iṣẹ́ tó pa ẹ̀ka pọ̀, kí lẹ fẹ́ kó sọ? Ìjákulẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ẹ̀sùn kẹta: Ẹ gbin ìjà sáàárín àwọn tó yẹ kó jọ dúró ti ibùsùn kan náà

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera, ti dókítà àti ti àwọn yòókù. Ní ọdún 2018, JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, apoògùn, onímọ̀ láàbù àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn, daṣẹ́ sílẹ̀ ní àárín oṣù Kẹrin, wọn kò sì padà títí oṣù Karùn-ún fi parí. Lára ohun tó wà nídìí ìjà náà ni owó oṣù wọn bí ó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dókítà. Ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni láti béèrè owó rẹ̀, n kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ìyẹn. Ẹ̀sùn mi ni pé ẹ ti fi ìjà ta ni ọ̀gá ta ni ọmọṣẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yín, ó sì ti wọ inú ìwádìí. Ọ̀dọ́ dókítà ń kọ́ pé nọ́ọ̀sì wà láti bá òun kó ìwé ìbéèrè jọ, kì í ṣe láti bá òun ronú ìbéèrè. Ọ̀dọ́ onímọ̀ láàbù ń kọ́ pé bí òun bá bá dókítà ṣiṣẹ́, òun ti ta ẹgbẹ́ òun.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa nígbà tí ẹ̀mí yìí kò tíì le. Ní òpin àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ọmọdé ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tó fara kan Òkèmẹ̀sí níbi ààlà Èkìtì. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn láti ìgbà ìbí, wọ́n ń wọn ìwúwo wọn, wọ́n ń ṣàkíyèsí oúnjẹ wọn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wọn, àti èéyí tó ń pa wọ́n. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó di iṣẹ́ ojoojúmọ́ mú. Láti inú iṣẹ́ náà ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti jáde, èyí tí àwọn ìyá káàkiri ayé wá ń gbé lọ sí ilé-ìtọ́jú, tí ìlà inú rẹ̀ ń fi hàn bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Bí dókítà yẹn bá ti wo nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò lérò, káàdì yẹn kò ní dé ibi tó dé. Òkè ibẹ̀ kan náà ló wà níwájú wa lónìí. Ìwà ni ó yí padà.

Ẹ̀sùn kẹrin: Ẹ fi ògiri sáàárín owó àti owó

Ìjọba Nàìjíríà gbàlejò àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ní Àbújá ní oṣù Kẹrin ọdún 2001. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná yóò máa lọ sí ìlera. Ní 2006, ní Khartoum, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tún sọ pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ya ìdá kan nínú 100 ọrọ̀ ajé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Nàìjíríà kò tíì mú èyíkéyìí ṣẹ nínú méjèèjì.

Owó tó tilẹ̀ wà ń rìn lójú ọ̀nà tí kò pàdé ara wọn. TETFund, tí òfin gbé dìde ní 2011, ń gba owó lára èrè àwọn ilé-iṣẹ́, ó sì ń pín in fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Ọpẹ́ ni fún ìyẹn, nítorí láìsí i, ọ̀pọ̀ láàbù ni kò ní ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n owó ìwádìí tó ń gba inú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wọlé kì í dúró ní ilé-ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ yunifásítì aládàáni bíi Afe Babalola University ní Adó-Èkìtì, tó ti fi ilé-ìwòsàn Ìdó kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìṣègùn rí. Ọ̀dọ́ olùkọ́ ní Ọ̀yẹ́ ní ilẹ̀kùn kan tó lè kàn, ọ̀dọ́ dókítà ní Ìdó kò ní in. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jọ kọ ìwé kan ṣoṣo láti béèrè owó?

Àwọn àjèjì olówó náà kò bọ́ nínú ẹ̀sùn yìí. CARTA, àjọṣe àwọn yunifásítì Áfíríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tí owó àwọn àjèjì wọ̀nyí ń gbé ró, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ń kọ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ láti ṣe ìwádìí ìlera tó pa ẹ̀ka ìmọ̀ pọ̀. Onímọ̀ àwùjọ, nọ́ọ̀sì, dókítà àti onímọ̀ ìṣirò ló ń jókòó sí kíláàsì kan náà níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ ni yunifásítì méjì tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí omi ti pọ̀ ni wọ́n tún ń da omi sí. Ọmọ tó ń kọ́ni ní Ìkọ̀lé yóò máa gbọ́ òkìkí rẹ̀ lókèèrè.

Ta wá ni ó ń sanwó? Ọ̀dọ́ náà fúnra rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ ni ó fi ń ra oògùn láàbù, òun ló fi ń wọ ọ̀kadà lọ sí abúlé, òun ló fi ń ra dátà. Ní 2022, nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, tí ìjọba sì dá owó oṣù dúró, owó ìwádìí tirẹ̀ náà kú.

Ẹ̀sùn karùn-ún: Ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará ìlú, ẹ kò dá èsì padà

Ẹ̀sùn yìí kan gbogbo olùwádìí, àgbà àti èwe. Àwọn ìlú kan wà ní àríwá Èkìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ kò yé wá síbẹ̀. Wọ́n á dé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ìka, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Baálẹ̀ tó fún wọn láyè kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò ní gbọ́ bóyá òun nìkan ni àbí gbogbo àdúgbò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn á tún dé pẹ̀lú ìbéèrè kan náà.

Ìwà yìí jẹ́ àbùkù, ó sì tún ń ba ìmọ̀ jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti sú yóò dáhùn bí ó bá ti rọrùn. Ìbéèrè tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ronú, tí akẹ́kọ̀ọ́ wá ń túmọ̀ lójú ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé onílé, ìdáhùn inú rẹ̀ kò lè gbé ilé dúró. Ní Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n fẹ́ wádìí àìsàn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà Yorùbá ní àdúgbò Ìdíkàn láti 1992, kí wọ́n sì fi wé ti àwọn àgbà adúláwọ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n fi ìbéèrè ṣe kí ó tó lè yẹ ẹni tí kò wọ ilé-ìwé rí. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya ayé lẹ́nu: nínú 100 àgbà tó ti pé ọdún 65, iye tí àìsàn náà ń mú lọ́dún jẹ́ bíi 1.35 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ bíi 3.24 ní Indianapolis. Bí ìbéèrè náà bá ti jẹ́ ti gbàrọgùdù, ta ni yóò gba iye yẹn gbọ́?

Ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ìwà ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera, èyí tó jáde ní 2007, ní kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní ẹni tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì nínú. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé ojú dókítà nìkan kò tó. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀ níbi tí ẹ ti ń fọwọ́ sí ìwádìí, kí ló dé tí ẹ fi gbàgbé rẹ̀ níbi tí ẹ ti ń ṣe é?

Ẹ̀sùn kẹfà: Ẹ ń tọ́jú ọgbọ́n bí òkú

Gbogbo dókítà tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí àgbà láti National Postgraduate Medical College gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kó sì kọ ọ́ níwèé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé náà ń kọ tirẹ̀. Ní ọdọọdún ni ìwé yìí ń jáde. Wọ́n ń dì wọ́n, wọ́n ń kọ lẹ́tà wúrà sí ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Dókítà kan lè kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan sì kọ nípa oògùn apakòkòrò tí àwọn àgbẹ̀ kan náà ń fún, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ̀ títí láé pé ẹnì kejì wà. Kò sí àkójọ kan tí wọ́n jọ ń wò, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń jókòó.

Ọ̀dọ́ tó bá rí i pé iṣẹ́ òun yóò sùn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti ń wo ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú nìyẹn. Ẹ máa ń bínú sí àwọn tó jápa. Ẹ bi wọ́n léèrè. Owó ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró gbọ́ wọn tán, ọ̀pọ̀ wọn yóò sọ fún yín pé níbi tí àwọn wà báyìí, ẹnìkan máa ń béèrè ohun tí àwọn ń rò.

Àwíjàre wọn, àti èsì mi

Wọn yóò sọ pé irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe nílẹ̀ wa. Mo ti dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ọmọ Èkìtì. Benjamin Olúwákáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí ní 1935, di dókítà iṣan àti ọpọlọ ní Ìbàdàn. Ó rí àwọn ènìyàn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn kò dúró gírí mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láti jókòó sí ilé-ìwòsàn kó máa kọ oògùn. Ó wádìí oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ó wádìí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, ó sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1968. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi ẹ̀gẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú àìsàn yẹn, ṣùgbọ́n ìyàn náà fúnra rẹ̀ wà nítorí pé dókítà kan gbà láti wo inú ìkòkò. Òun náà ló wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ Ìbàdàn àti Indianapolis sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta, tí ó láti 1954 mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ, tí òun àti àwọn onímọ̀ láti Cornell ní Amẹ́ríkà sì jọ ṣe ìwádìí tó jáde ní 1963 nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá. Ilẹ̀ Yorùbá ti ṣe é kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé.

Wọn yóò sọ pé owó kò sí. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti tún fọ́ọ̀mù ìgbéga kọ. Kò ná ọ̀jọ̀gbọ́n ní kọ́bọ̀ láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbi tí kò ti ṣiṣẹ́.

Wọn yóò sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní sùúrù, pé wọ́n fẹ́ ṣe ọ̀gá lójijì. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ọmọdé kọ́kọ́ dàgbà kó tó lè gbọ́n, kò fẹ́ kí ìlú dúró ni.

Ohun tí a ń béèrè

Lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga: kí iṣẹ́ tí ẹ̀ka mẹ́ta bá jọ ṣe ní máàkì tirẹ̀, kí olùṣe kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ kí àwọn yòókù fọwọ́ sí i, kí ẹnjiníà tó bá dín ibà kù lè gba ìgbéga gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà.

Lọ́wọ́ àwọn àgbà: kí á máa fẹnu kò lórí ètò orúkọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, lórí ìwé, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ jáde.

Lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera: kí ìjà owó oṣù dúró sí ibi ìjà owó oṣù. Kí nọ́ọ̀sì àti onímọ̀ láàbù wà níbi tí wọ́n ti ń ronú ìbéèrè, kí wọ́n sì lè ṣe olórí ìwádìí bí ìmọ̀ wọn bá tó o.

Lọ́wọ́ TETFund, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ Èkìtì: owó ìwádìí kékeré kan tí yunifásítì àti ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ jọ béèrè, tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀.

Lọ́wọ́ gbogbo olùwádìí: kí èsì padà sí ìlú tí ó ti wá, ní ààfin tàbí ní ọjà, ní èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí ìwádìí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́wọ́ àwọn alákòóso tó wà ní Ìdó, Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé: ọjọ́ kan lóṣù tí àwọn ọ̀dọ́ láti ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jókòó pọ̀, àti àkójọ kan ṣoṣo tí gbogbo ìwé ìwádìí agbègbè náà yóò máa wọ̀. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí lóṣù tó ń bọ̀ láìdúró de Àbújá.

N kò béèrè àánú fún àwọn ọ̀dọ́ yìí. Iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe, iṣẹ́ náà sì wà níwájú wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn bá dé tí ibà sì mú ẹnìkan ní ìlú wa, ẹjọ́ eku kọ́ ni kí á kọ́kọ́ dá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni mẹ́fà tó lè dènà rẹ̀, tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n pàdé, ẹ̀yin ni ẹ ó dáhùn.